Akorikura Tó Ń Gba Ààwẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2019, akorikura kan tó ń lo dísẹ̀lì fa bọ́ọ̀sì èrò tó dẹnu kọlẹ̀ gun òkè Hawan Kibo títí tó fi dé orí. Akorikura ni gbogbo Jos ń pe pikọ́ọ̀pù akẹ́rù. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà ṣì ń gbé ní Rantya, àwọn tó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì pọ̀ nílùú, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé irọ́ ni. Ohun tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni ohun tí Àlàájì Mọ́nsúrù, ẹni tó ni akorikura náà, bá ẹ́ńjìnì rẹ̀ sọ kó tó gbéra.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọkọ̀ náà kọ̀. Wọ́n ti so okùn, èrò ti sọ̀ kalẹ̀, Àlàájì tẹ iná, akorikura sì fà díẹ̀, ó mí bí àgbàlagbà tó gun àtẹ̀gùn, ó dúró. Wọ́n sáré fi òkúta há ẹ̀yìn táyà. Awakọ̀ tírélà kan tó ń bọ̀ látòkè yọ orí síta.

"Haba, Àlàájì! Ẹ tú okùn yẹn kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Ewúrẹ́ ò lè fa màlúù!"

Àlàájì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ká apá jalabíà rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ́ńjìnì ná ọjà.

"Eélòó lo máa mu ká tó dé òkè?" Ó dẹ etí sílẹ̀. "Kí lo wí? Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ìyẹn á gbé mi dé Bauchi, á sì gbé mi bọ̀. Albarka!"

Albarka ni ọ̀rọ̀ tí ọlọ́jà Jos fi ń kọ iye tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, láìba oníbàárà rẹ̀ nínú jẹ́. Àlàájì sọ ọ́ léraléra. Níkẹyìn ó mi orí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, ó ní, "To, na sallama," ìyẹn ni pé mo gbà, ọjà ti di tìrẹ, kò sí ìpadàsẹ́yìn mọ́. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó wá ní kí gbogbo èrò, tọkùnrin tobìnrin, kọjú sí àfonífojì.

"Nítorí kí ni?" awakọ̀ bọ́ọ̀sì bi í.

"Ojú máa ń ti ọkọ̀ yìí tó bá fẹ́ lo agbára."

Wọ́n kọjú sí àfonífojì. Àlàájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ bí ẹni tí tẹ̀sùbáà rẹ̀ já bọ́, ó gbérí, ó jókòó. Èéfín dúdú ló tẹ̀ lé e, ó bo gbogbo òkè náà mọ́lẹ̀. Kí èrò tó rí ara wọn padà, akorikura àti bọ́ọ̀sì ti ń yí kọ́nà òkè lọ, ni wọ́n bá bọ́ bàtà sọ́wọ́, wọ́n sáré tẹ̀ lé wọn. Obìnrin kan tó wà níbẹ̀ ṣì máa ń húkọ́ títí dòní tí ìtàn náà bá dé ibi èéfín.

Nàfísátù, àkọ́bí Àlàájì, wà lára àwọn tó kọjú sí àfonífojì. Olùkọ́ ìṣirò ni ní ilé-ìwé kan ní Rantya, kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ mì láìkọ́kọ́ jẹ ẹ́ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, ó bi bàbá rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe.

"Mo fún un ní ohun tó bèèrè."

"Bàbá, ọkọ̀ kì í sọ̀rọ̀."

"Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti bá a ná ọjà."

Ìlọrin ni bàbá Àlàájì Mọ́nsúrù ti wá, ṣùgbọ́n Nasarawa Gwong ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ sí Bokkos lọ kó pòtétò wá fún ìyàwó rẹ̀, Àlàájà Hussainat, tó ń tà á. Tí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni bá sì kú sójú ọ̀nà, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá fà á. Kò sí ohun tí kì í ná. Nígbà kan tí ẹ̀yìn ń dùn ún, dókítà ní kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní albarka, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ọjọ́ mẹ́ta.

Abraham nìkan ni kò ṣeé ná. Mẹkáníìkì ni ní Anglo Jos, ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Jos, ọ̀rẹ́ Àlàájì tímọ́tímọ́ tí kì í gbà fún un. Hausa ló fi ń ṣiṣẹ́, Èkìtì ló fi ń bínú. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa ọkọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì máa ń wàásù rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wọ ọgbà rẹ̀: "Nǹkan mẹ́ta ni gbogbo oní-akorikura ń fẹ́. Kó máa sáré, kó lè fa ẹrù, kó má sì mu epo. Mú méjì níbẹ̀, kó o fi ìkẹta sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ò bi mí," Àlàájì á ní. "Mo fẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Àlàájì, ẹ wò ó. Ọkọ̀ dà bí èèyàn. Ẹ ò lè ní kó ru ẹrù, kó máa sáré, kó sì tún máa gba ààwẹ̀!"

"Nínú Ramadan tó kọjá, mo ru àpò pòtétò, mo sáré kí ìrun má bàa bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì gba ààwẹ̀. Kí ni ọkọ̀ fi jù mí lọ?"

Abraham á da síbánà rẹ̀ sílẹ̀, á bú sí Èkìtì. Tó bá ti débẹ̀, Àlàájì mọ̀ pé òun ti borí.

Ní ilé epo, ẹ̀rù Àlàájì máa ń ba wọn. Ó gbàgbọ́ pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tà pọ̀ mọ́ dísẹ̀lì, nítorí náà ó máa ń mi ọkọ̀ náà síwá-sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè jáde, kí epo sì rí àyè wọlé. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó bá àwọn tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí pàdé, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun mì í. Òṣìṣẹ́ ilé epo gbójú sókè, ó rí ọ̀pọ̀ àgbà nínú aṣọ funfun tí wọ́n ń mi akorikura kan tìjà-tìjà. Ó sáré jáde, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé ohun yòówù kí ọkọ̀ náà ṣe fún wọn, kí wọ́n dárí jì í.

Nígbà tí Warith, ọmọkùnrin kan ní àdúgbò, ra akorikura tuntun tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tóbi, ó wá fi han Àlàájì. Ó tẹ iná lórí ìdúró, adìẹ sì fọ́n ká. "Bàbá, ẹ ò rí i? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò!"

"Mo rí i. Eélòó ló ń jẹ?"

"Ta ló ń bèèrè oúnjẹ lọ́wọ́ kìnnìún?"

Wọ́n jọ lọ kó pòtétò ní Bokkos. Warith débẹ̀, ó kó ẹrù, ó jẹun, ó sùn, ó jí, kó tó di pé Àlàájì yọ lókèèrè. Akorikura Àlàájì kì í sáré rárá. Àwọn tó ń ti bárò máa ń kọjá rẹ̀, wọ́n á sì tún ráyè kí i pé "Sannu, Baba." Ṣùgbọ́n nígbà àbọ̀, kí wọ́n tó dé Barkin Ladi, ó bá Warith lẹ́bàá ọ̀nà, epo ti tán pátápátá nínú kìnnìún. Àlàájì sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí Warith kọjú sí oko, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ nínú ọkọ̀, ó so okùn, ó sì fa Warith àti kìnnìún rẹ̀ dé Jos. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó kàn gba àárín ìlú kọjá, níbi tí kò sí ìdí kankan fún wọn láti gbà.

Ohun kan ṣoṣo ló wà tí Àlàájì kò jẹ́ ná rárá: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wa akorikura rẹ̀. Nígbà tí Nàfísátù fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ọ̀dọ̀ Abraham ni bàbá rẹ̀ rán an lọ. Tí Abraham fúnra rẹ̀ bá tún ọkọ̀ náà ṣe tán, Àlàájì ló máa wà á jáde. "Ó mọ ẹsẹ̀ mi," ló máa ń wí. Abraham ní ìlara lásán ni, bí ìlara ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó lọ́jọ́ ogbó.

Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé náà mọ ọ̀rọ̀ orógùn pẹ̀lú. Ìyá Hussainat ló fún un ní orógùn kan nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, igi líle tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí iná ti jó létí kan. Kí ọ̀rọ̀ Hawan Kibo tó ṣẹlẹ̀, Hussainat jí lọ́jọ́ kan, kò rí i mọ́. Ó wá gbogbo ilé. Ó wá gbogbo àdúgbò. Níkẹyìn ó dúró sẹ́nu ọ̀nà Àtinúkẹ́, aládùúgbò rẹ̀ tó yá orógùn náà kẹ́yìn.

"Mo ti dá a padà, Ìyá Nàfísátù! Mo fi lé yín lọ́wọ́!"

"Ọwọ́ wo? Ọwọ́ mi tí mo fi ń ro ọkà pẹ̀lú igi ìdáná yìí?"

Ìkíni di ṣókí láàárín àwọn méjèèjì láti ọjọ́ náà. Àlàájì sì dùn ún wò: ó bá ìyàwó rẹ̀ wá orógùn náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn kànga, títí kan orí òrùlé. Nígbà tí wọn kò rí i, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ẹni tó bá mú un, kí Ọlọ́run jẹ́ kó fi ṣe ohun rere." Gbogbo ilé ṣe àmín, àyàfi Hussainat.

Ìgbà ọyẹ́ ni Àlàájì Mọ́nsúrù kú, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Àìsàn náà kò pẹ́, kò sì le. Ní ọjọ́ kan tí Nàfísátù ń fún un ní omi tíì, ó dì í lọ́wọ́ mú. "Akorikura yẹn, tó bá dé òkè, fún un ní ohun tó bèèrè."

"Ẹ sinmi, Bàbá."

Nàfísátù ní in lọ́kàn láti bi í, tí ara rẹ̀ bá le díẹ̀ sí i, pé kí ni ọkọ̀ náà ń bèèrè gan-an. Ara rẹ̀ kò le mọ́.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, Hussainat ní kí Nàfísátù bá òun kó pòtétò wá láti Bokkos, nítorí ọjà ni wọ́n fi ń jẹun, akorikura náà ni ọjà sì fi ń rìn. Nàfísátù jókòó sáyè bàbá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kó ẹrù tí wọ́n sì dé òkè kékeré kan tí ọmọ ilé-ìwé lè fi kẹ̀kẹ́ gùn, ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀, ó sì dúró. Ó tẹ iná títí tí kò fi lè tẹ̀ ẹ́ síwájú mọ́. Àfi ìgbà tí wọ́n sọ ìdajì ẹrù kalẹ̀ ló tó gùn ún. Láàárín àwọn àpò tó wà lójú títì, ìyá rẹ̀ jókòó, ó fi gèlè nu ojú.

Abraham yẹ ọkọ̀ náà wò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ fa okùn tó ti ibi ìtẹná lẹ́sẹ̀ awakọ̀ wá sínú ẹ́ńjìnì, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo Anglo Jos. Ó wà á jáde sójú ọ̀nà, ó padà dé, ó ń họ orí. Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe bákan náà.

"Nínú ọgbà mi, kìnnìún ni," ó ní. "Lójú ọ̀nà, ewúrẹ́. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Nàfísátù ọmọ mi, pọ́ǹpù dísẹ̀lì ni. Ó ti kú, kò kàn fẹ́ gbà ni. Iye tí wọ́n ń ta òmíràn báyìí, ẹ kúkú ta ọkọ̀ náà."

"Kí ni màmá mi máa fi kó ọjà?"

Abraham pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi síbánà tú.

Báyìí ni Lááwàlì, tó ń ra àlòkù ọkọ̀, ṣe dé Nasarawa Gwong ní ọ̀sán Àìkú kan. Èèyàn gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi. Ó wa akorikura náà yí àdúgbò ká, ó bọ́ bàtà, ó tún wà á yí ká, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ ejò pa. Àwọn tó ń rìn lọ sílé ń kọjá rẹ̀.

"Kai! Ọkọ̀ yìí ò lẹ́sẹ̀ mọ́, Hájíà," ó wí fún Hussainat bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Irin rẹ̀ ni màá rà." Ó pe iye kan tó jẹ́ ti irin lóòótọ́.

"Albarka," Nàfísátù ní.

Ó fi díẹ̀ kún un.

"Albarka."

Ó tún fi díẹ̀ kún un, ó ní ìparí nìyẹn, wallahi, òun ń lọ. Hussainat kọjú sí ibòmíràn. Abraham, tó wá kí ọkọ̀ náà pé ó dìgbà, ń wo táyà. Nàfísátù la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ kejì, sallama, èyí tí kò ní ìpadàsẹ́yìn, ó sì yíjú sí ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó ẹrù bàbá mi kúrò nínú rẹ̀," ó ní.

Ó kó tẹ̀sùbáà. Ó kó ẹní ìkírun. Ó kó obì gòrò méjì tó ti gbẹ bí òkúta. Ó ku kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀, èyí tí Àlàájì fúnra rẹ̀ rán láti ara ẹní àtijọ́ kan. Nàfísátù fà á, kò gbéra. Ó tún fà á, ó ká. Lábẹ́ rẹ̀, ní ọ̀gangan ibi ìtẹná, igi pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀, tí wọ́n fi rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ dì mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdì náà ṣeé tú pẹ̀lú ìka kan.

Ó wo igi náà. Ó fi ìka kan tú u. Ó fi ọwọ́ tẹ ibi ìtẹná, ó sì lọ sílẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, ó kọjá gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ti dé rí láti ìgbà tí Àlàájì ti kú.

"Ẹ̀gbọ́n Abraham," ó pè, ohùn rẹ̀ ṣe bákan. "Ẹ kọjú sí ibòmíràn díẹ̀."

Ó jókòó, ó tan iná sí ẹ́ńjìnì, ó sì tẹ̀ ẹ́. Lááwàlì ti gun ẹ̀yìn ọkọ̀ láti yẹ irin rẹ̀ wò, kò sì sí ẹni tó rántí kìlọ̀ fún un. Èéfín dúdú bo ojúlé náà. Akorikura fò sókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, Lááwàlì di irin ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó ń ké pe Ọlọ́run ní Hausa, ní Lárúbáwá, àti ní èdè kan tí àdúgbò kò mọ̀ pé ó gbọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, Lááwàlì sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku, ó ń mí gúlegúle. Kò tíì mí tán tó fi pe iye tuntun, ìlọ́po méjì.

"Albarka," Nàfísátù ní. Ẹ̀rín ni ó fi sọ ọ́, omi sì wà lójú rẹ̀. Lááwàlì wò ó, ó rí i pé ọ̀rọ̀ kejì kò sí níbẹ̀ mọ́, ó gbé bàtà rẹ̀, ó lọ.

Abraham jókòó lé táyà àlòkù kan. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó mú etí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó kún fún òróró, ó fi nu ojú. "Igi! Gbogbo ọdún tí a fi ń jà, igi ló fi dì mí lẹ́nu. Kò ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rárá, oníjìbìtì! Ilẹ̀ títẹ́jú, igi wà níbẹ̀, ọkọ̀ ò lè mu ju bó ṣe fẹ́ lọ. Òkè dé, ó yọ igi. Ó kàn ń mú méjì-méjì bí mo ṣe wí. Ó kàn mọ èyí tó máa fi sílẹ̀, àti ìgbà tó máa fi í sílẹ̀."

"Kí ló dé tí kò sọ fún yín?"

"Tó bá sọ fún mi, mo borí nìyẹn."

Àtinúkẹ́ ti gbọ́ ariwo, ó ti dé, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú igi náà lọ́wọ́. Ó yí i padà. Ó rí i pé wọ́n ti fi ayùn gé ìdí rẹ̀, ó sì rí etí tí iná jó. Ó rìn lọ bá Hussainat jẹ́jẹ́, ó fi í lé e lọ́wọ́, ní gbangba, lójú ẹlẹ́rìí.

"Ìyá Nàfísátù, mo ti dá a padà o. Ẹlẹ́ẹ̀kejì nìyí."

Hussainat wo igi náà. Ó wo Àtinúkẹ́. "Máa bínú, ọmọ ìyá mi," ó ní, Àtinúkẹ́ sì bú sẹ́rìn-ín, ó dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín títí tí àwọn tó ń kọjá fi ń yà wá bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bi wọ́n, Àtinúkẹ́ á na ọwọ́ sí ọkọ̀: "Ẹ bi ọkọ̀ yẹn. Ó ti ń jẹ ọkà lọ́dọ̀ wa tipẹ́."

Ẹ̀rín náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nàfísátù ní òun máa wá igi mìíràn fún ibi ìtẹná, kí màmá òun lè gba tirẹ̀ padà, kí wọ́n gbẹ́ ìdí tuntun sí i. Hussainat mi orí. Ó lọ síbi akorikura, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó fi orógùn náà sáyè rẹ̀, ó fa rọ́bà lé e, ó tẹ́ ẹní àtijọ́ náà sórí rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé àga awakọ̀ tó ṣófo.

"Àlàájì," ó ní, "ṣé ọkà yín ti jinná?"